Kí Ni Wọ́n Sọ Níbẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni iná jó ọjà Akẹ́sán ní Ọ̀yọ́. Ìyá ọkọ mi wà lára àwọn tí ọjà wọn bá iná náà lọ: àpò gbòdò mẹ́sàn-án, èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, àti kóńgò tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti délé ọkọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jókòó sílé lọ́sàn-án, lórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tí ọwọ́ wọn tí kì í sinmi tẹ́lẹ̀ sì ń wá ohun tí yóò ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ mi àgbà, Àdùkẹ́, ọmọ ọdún méje, gbé ìwé kíkà rẹ̀ wá síwájú wọn kí wọ́n lè rí bí òun ṣe mọ̀wé tó. Ó ka ojú ewé kan tán ní Gẹ̀ẹ́sì láìkọsẹ̀, pẹ̀lú irú ohùn tí olùkọ́ rẹ̀ fi ń kà á. Inú mi dùn. Màmá gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "O ṣeun, ọkọ mi. Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?"

Àdùkẹ́ wò mí, ó wo ìwé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè. Màmá rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ewé náà. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n sọ ni mo ń bèèrè." Ọmọ náà dákẹ́, omi sì lé sí i lójú. Ìtàn tó kà kò ju ti ọmọkùnrin kan tí ajá rẹ̀ sọnù, tó sì wá a kiri àdúgbò lọ. Bí a bá sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́ta, yóò lè tún un sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ka gbogbo rẹ̀ tán láìmọ̀ pé ajá kan wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló kàwé, òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kí n tó di aránṣọ. Mo ní ìwé ẹ̀rí NCE, mo sì ti dúró níwájú ọmọdé fún ọdún mẹ́rin. Ó dùn mí gan-an pé ẹni tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣe ọmọ mi. Ilé-ìwé aládàáni tí a fi Àdùkẹ́ sí kò jìnnà sí ilé wa, owó rẹ̀ kò kéré, aṣọ wọn sì mọ́ tónítóní. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà; ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta yóò san owó ìtanràn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú un lọ, mo tilẹ̀ rò pé àǹfààní ni. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí tí yóò ka ọ̀rọ̀ mi yìí wà níbi tí mo wà nígbà náà. A ń sanwó kí wọ́n lè bá wa gba èdè kúrò lẹ́nu ọmọ, a sì ń retí pé kí òye gba ẹnu kan náà jáde.

Nígbà tó di ìparí oṣù kẹta ọdún náà, àrùn kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Àdùkẹ́ wà nílé, àbúrò rẹ̀ Àkànní, ọmọ ọdún mẹ́rin, náà wà nílé. Mo ṣe ohun tí olùkọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ra pátákó, mo ra ṣọ́ọ̀kì, mo gbé aago sórí tábìlì, mo pín òwúrọ̀ sí iṣẹ́ mẹ́fà, mo sì ní kí wọ́n máa wọ aṣọ ilé-ìwé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Àkànní fi ń sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí ó bá ti gbọ́ aago. Ní ọjọ́ tí mo na Àdùkẹ́ nítorí ìṣirò kan tí èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀, Màmá pè mí wọ yàrá. Wọn kò bá mi wí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ìyá Àdùkẹ́, ìwọ lo bí wọn. Kí ló dé tí o ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jẹ ọ́ ní gbèsè?" Ní ọjọ́ kejì, mo gbé pátákó náà kúrò nílẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá kà, tí a bá fi ọwọ́ ṣe, tàbí tí a bá lọ wò lóòjọ́, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún Màmá kí ilẹ̀ tó ṣú, ní Yorùbá, láìwo ìwé. Màmá sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Bí ohun tí a sọ kò bá yé wọn, a jẹ́ pé àwa náà kò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn, a ó padà sí ìdí rẹ̀ lọ́la.

Nígbà tó yá ni mo wá kà nípa obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Charlotte Mason, tó gbé ayé láti ọdún 1842 sí 1923, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn òbí àti olùkọ́ ní bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a ka ìwé tó dára sétí ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí a má ṣe tún un kà, kí ọmọ wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́. Ó ní kí ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré má gùn, pé ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 ti tó, kí ọmọ lè kọ́ bí a ti ń fi ọkàn sí nǹkan dípò kí ó kàn máa jókòó. Ó tún fẹ́ kí ọmọdé máa pẹ́ níta gbangba lójoojúmọ́, láàárín ewéko àti ẹyẹ. Bí mo ti ń kà á ni mo ń rántí ilé bàbá mi. Bí wọ́n bá pàlọ́ fún wa lálẹ́ òní, àwa náà ni wọn yóò ní kí á pa á fún àwọn àbúrò wa lálẹ́ ọ̀la, bí a bá sì fo ibì kan, gbogbo agbo ni yóò pariwo. Àwọn ìyá wa kò pe ìyẹn ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ àlọ́ ìjàpá nínú ilé yẹn tí kò lè pa á títí di òní.

Ìtàn ajá tó sọnù ni a fi bẹ̀rẹ̀. Mo kà á fún Àdùkẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ti ń kà á lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà á kí ó tó lè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Màmá bi í pé, "Kí wá ni ajá náà ń jẹ ní gbogbo ìgbà tí wọn kò rí i?" Àdùkẹ́ ronú díẹ̀, ó ní, "Ìwé kò sọ, Màmá." Mo gbọ́ gbólóhùn náà láti ìdí ẹ̀rọ mi, mo sì dá ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ajá wà nínú ìtàn ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ti mọ ohun tí ìwé sọ báyìí, ó sì mọ ohun tí ìwé kò sọ. Màmá kò jẹ́ kí ó sinmi níbẹ̀ o. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ kò wá lè rò ó ni?" Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jọ wá oúnjẹ fún ajá náà láti ilé dé ilé títí oorun fi gbé Àdùkẹ́ lọ.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó wádìí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta, tí a sì yí wọn padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Àwọn tó lo Yorùbá títí dé òpin ló ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Wọ́n kọ́ wa ní èyí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo gba máàkì rẹ̀. Ó dùn mí pé n kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń san owó ilé-ìwé ọmọ mi.

Ìṣirò ni mo rò pé yóò le jù. Màmá ló gbé ọpọ́n ayò jáde. Ojúlé méjìlá ló wà lórí ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sì máa ń wà nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ fi ojú inú ka ọmọ ayò tó fẹ́ kó, kí ó mọ ojúlé tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí, kí ó sì mọ̀ bóyá yóò pé méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀. Àkànní tí kò tíì lè kọ 8 sílẹ̀ lórí ìwé ti ń ṣe ìṣirò yìí lórí ọpọ́n, ojú rẹ̀ á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, ètè rẹ̀ á máa mì. Màmá kò fi í ṣe ọmọdé. Òpè ni wọ́n ń pè é títí ó fi jẹ wọ́n lẹ́ẹ̀kan ní tòótọ́, ọjọ́ náà ni wọ́n pè é ní ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó da gbogbo ọmọ ayò sílẹ̀, ó kà wọ́n, ó ní 48 ni. Màmá ní, "Méjìdínláàádọ́ta." Ó bèèrè ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi gùn tó bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ohun tí mo lè sọ títí mo fi bọ́ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ayò tiwa kò tó, a ní láti fi ẹ̀wà pupa kún un. A kó ogún jọ lọ́nà mẹ́ta. Ogún mẹ́ta nìyẹn, òun là ń pè ní ọgọ́ta. A mú mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta. A mú méjì kúrò, ó di méjìdínláàádọ́ta, méjì tó dín nínú àádọ́ta. Àdùkẹ́ tó ń ṣe ojú bí ẹni tí kò gbọ́ ti sún mọ́ wa. Láti kékeré ni mo ti ń pe òǹkà yìí, n kò sì rí i rí pé ìṣirò ló wà nínú orúkọ ọ̀pọ̀ nọ́ńbà, pé ẹni tó bá ń ka Yorùbá ń ṣe ìsọdipúpọ̀ àti àyọkúrò bí ó ti ń kà á lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a lò lórí rẹ̀, a kò sì fọwọ́ kan ìwé ìṣirò kankan. Nígbà tí wọ́n tún ọjà kọ́ tán, tí Màmá padà sẹ́nu òwò, Àdùkẹ́ ló ń bá wọn ṣírò owó kóńgò èlùbọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Eré mìíràn wà tí a ń ṣe, sùwè, òkòtó, ẹkùn mẹ́ran, wọ́n sì dára fún ara àti fún ìbáṣepọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi wọ́n wé ayò. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọwọ́: wọ́n fi amọ̀ mọ ìkòkò, wọ́n fi àjákù aṣọ mi rán àpò. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kò ju pé kí n má tún iṣẹ́ wọn ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sùn. Àpò àkọ́kọ́ tí Àdùkẹ́ rán wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé tépù, ó wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé apá kan fi ìnṣì kan ju èkejì lọ.

Ìrìn-àjò ni mo kọ́kọ́ ṣe bí kò ti yẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo sì ti kọ gbogbo ibi tí a ó dé sílẹ̀: ọgbà ẹranko ní yunifásítì, gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè, àti Cocoa House tí wọ́n parí ní ọdún 1965, tó ní àjà 26. A dé gbogbo wọn. Wàràwàrà ni mo ń fà wọ́n lọ́wọ́ káàkiri, owó kékeré kọ́ ló sì bá a lọ. Nígbà tí a padà délé, tí Màmá bi Àkànní léèrè ohun tó rí, ewúrẹ́ kan ló sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ orí ọkọ̀ tó wà níwájú wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó ṣàlàyé bí ewúrẹ́ náà ṣe ń ya ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ tó yà, bí ó ṣe ń tẹ orí ba nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àti bí ó ṣe mọ ìgbà tí awakọ̀ fẹ́ tẹ bíréèkì. Kò dárúkọ kìnnìún. Ó bí mi nínú lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó di òwúrọ̀, mo rò ó wò. Ó tó wákàtí kan tí ewúrẹ́ yẹn fi wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí ó yára. Níwájú kìnnìún, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fún un.

Nítorí náà, nígbà tí a lọ sí Ìsẹ́yìn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ohun kan ṣoṣo ni a lọ wò. A jókòó ti ahunṣọ kan láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òwú tó ta síwájú rẹ̀ gbọọrọ, tí òkúta wúwo fà le ní òpin. Ó fi sányán, àlàárì àti ẹtù hàn wọ́n, ó sì bi wọ́n léèrè èyí tí aró wà nínú rẹ̀. Ìbú aṣọ tó ń hun kò ju ìnṣì mẹ́rin lọ, ìyẹn ló sì da Àdùkẹ́ lọ́kàn rú: báwo ni ènìyàn ṣe lè fi irú nǹkan tóóró bẹ́ẹ̀ ró ìdí? Ó bá ìbéèrè náà délé. Nígbà tí Màmá gbọ́ ọ, wọ́n dìde, wọ́n ṣí àpótí wọn, wọ́n sì mú ìró ẹtù tí wọ́n ró lọ́jọ́ ìyàwó wọn jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Àdùkẹ́ dọ̀bálẹ̀ lé e lórí, ó ń fi ìka tọ ojú ìrán kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń kà wọ́n sókè. Èmi tí mo ń ránṣọ jẹun kò tíì rí ìró yẹn tẹ́lẹ̀ rí.

Ọmọ tó bá ń dàgbà ní Ọ̀yọ́ yóò máa rí orúkọ Àjàyí Crowther lára pátákó yunifásítì tó wà nílùú wa. Àdùkẹ́ bi mí lọ́jọ́ kan pé ta ni. Mo rí ìwé kan nípa ìgbésí ayé rẹ̀ yá, ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì le díẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí a jọ kà á. A wá Ọ̀ṣoògùn, níbi tí wọ́n ti bí i, lórí àwòrán ilẹ̀, a sì rí i pé kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi sọ ìtàn náà fún Màmá. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó sọ bí ogun ṣe wọ Ọ̀ṣoògùn ní ọdún 1821, bí wọ́n ṣe kó ọmọdékùnrin náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, tí wọ́n sì mú wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin.

Àkànní ní, "Ẹṣin mélòó?"

Àdùkẹ́ ní, "Ẹyọ kan."

Màmá tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n wá bèèrè bóyá ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Àjàyí. Àdùkẹ́ kò mọ̀, èmi náà kò sì ronú láti sọ fún un. Màmá ló wá ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé là ń pè ní Àjàyí, pé orúkọ náà kì í ṣe ohun tí òbí yàn, ọmọ ló mú un tọ̀run wá. Wọ́n ki oríkì Àjàyí fún wọn, "Àjàyí ògídí olú, oníkànga àjípọn," wọ́n sì ní kí wọ́n kì í tẹ̀ lé àwọn. Bí Crowther ṣe di orúkọ rẹ̀ nígbà ìrìbọmi ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ní ọdún 1825, Àdùkẹ́ ló sọ ìyẹn fún Màmá. Báyìí ni wọ́n ṣe pín orúkọ ọkùnrin náà láàárín ara wọn, ẹnì kan mọ ìdajì, ẹnì kejì mọ ìdajì.

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, ó dé ibi tí Àjàyí ti padà wá sílẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, tó sì rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Màmá ní kí ó dúró ná, kí ó ṣírò iye ọdún tó wà láàárín rẹ̀. Ó ṣí ọwọ́, ó pa á, ó ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Màmá ní, "Kí ni ìyá rẹ̀ sọ?"

Mo ti mọ èsì tí mo ń retí. Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ní, "Ìwé sọ, Màmá. Ó ní kò lè sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n kàn ń wo ara wọn, omijé sì ń dà lójú ìyá náà."

Màmá nu ojú wọn. Láti ọdún méjì tí òfin wa ti wà, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni kàwé fún wọn rí. Kí a sọ ọ́ ni wọ́n máa ń fẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní, "Lọ mú ìwé náà wá. Ka ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn fún mi." Àdùkẹ́ jókòó sílẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ó ń ka gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, á sọ ọ́ ní Yorùbá, á tún ka òmíràn. Ó ń lọ́ra. Ó ń dúró wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Kò sí ohùn olùkọ́ kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni Àkànní bi Màmá ní ohun tí èmi kò lè bi wọ́n láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn. Ó ní, "Màmá àgbà, kí ló dé tí ẹ̀yin kò lọ sílé-ìwé?" Mo fẹ́ dá a lẹ́kun, Màmá sì ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin lọ. Ẹnì kan ní láti bá ìyá wọn ru gbòdò lọ sọ́jà, àwọn sì ni wọ́n rù ú. Wọ́n ní bí ẹ̀gbọ́n wọn bá dé lọ́sàn-án, àwọn a máa bi í pé, "Kí ni wọ́n sọ lónìí?" Ó máa ń sọ fún wọn nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn, eré ló máa ń sá lọ ṣe.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí, kí ó sì ro pé mo ní kí ó lọ yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé-ìwé. Òfin UBE ti ọdún 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ ọ́ di dandan pé kí òbí rí i pé ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré, kí ó sì parí rẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé tún ṣí, ilé la ṣì ti ń kọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀, òfin náà sì wà lára ìdí tí a fi mú Àdùkẹ́ padà, sí ilé-ìwé ìjọba àdúgbò wa, nígbà tó tó wọ kíláàsì kẹrin. Àkànní tẹ̀ lé e nígbà tó tó àkókò tirẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo jókòó sí nílé, pé ìyá tó ń jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí ń wọlé ní aago méje alẹ́ kò lè ṣe ohun tí mo ṣe lówùúrọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ, ó sì ń lọ nílé wa títí di òní, láìfi ilé-ìwé ṣe. Àdùkẹ́ ti wọ girama báyìí. Ó sọ fún Màmá lóṣù tó kọjá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ káàkiri ara, wọ́n sì bi í pé kí ló dé tí ti ẹsẹ̀ fi lè gòkè padà. Ó gbé ìbéèrè náà lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú Àkànní àti àbúrò wọn kékeré, Àjọkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin, lọ wo bí wọ́n ṣe ń fín igbá. A jókòó ti ọkùnrin kan tó gbé igbá lé itan. Nígbà tí a délé, Àkànní sọ ọ́ fún Màmá létòlétò: igbá ń fà nílẹ̀ bí ẹ̀gúsí, wọ́n ń là á sí méjì, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi kí inú rẹ̀ lè jẹrà, wọ́n ń ha á, wọ́n ń sá a, ẹni tó ń fín in kì í yí ọ̀bẹ, igbá ló ń yí. Ó fi àwo kékeré kan hàn wọ́n bí ó ṣe ń yí i. Màmá wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́?"

Ó la ẹnu. Mo rí i pé ó fẹ́ méfò. Ó tún ẹnu pa dé, ó ní, "N kò bèèrè, Màmá."

Màmá ní, "Padà lọ bèèrè, kí o wá sọ fún mi."

Ọjọ́ Sátidé la ń lọ. Àjọkẹ́ ti ní òun ni yóò bèèrè.